Ta Ni Yóò Gbọ́ Ògù? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Àṣẹ Rédíò Aráàlú ní Àgbádárìgì

(Orin ìdánimọ̀ ètò wọlé, ó sì rẹlẹ̀.)

 

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yà ní ìsọ̀ ìyá kan tó ń ta ẹja yíyan ní ọjà Àgbàlátà. Rédíò kékeré kan wà lórí àpótí rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà di bátìrì mọ́ ọn lẹ́yìn. Èdè Ògù ló ń jáde níbẹ̀, ó mọ́ gaara. Mo ní, "Ìyá, ilé iṣẹ́ wo lẹ ń gbọ́ yìí?" Wọ́n ní, "Àjàṣẹ́ ni, ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún." Mo ní kí ló dé tí wọn ò gbọ́ tiwa. Ìyá wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó béèrè ibi tí òkun parí sí. Wọ́n ní, "Èwo ni tiwa? Tiwa á sọ Ògù díẹ̀, á sì dákẹ́. Ti Àjàṣẹ́ kì í dákẹ́. Iye tí ẹja ń lọ ní Kútọnu ni mo ń gbọ́ láràárọ̀. Mi ò mọ iye tó ń lọ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ló gbé mi dé iwájú máìkì lónìí. Kò sí ibi tí èèyàn jókòó sí ní etíkun yìí tí kò ní í gbọ́ ọ pé ó yẹ ká ní rédíò tiwa, tí yóò máa sọ Ògù, Yorùbá, Faransé, Pidgin, tí yóò sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn Ìlàjẹ àti àwọn apẹja Ewe tó wá láti Gánà tí wọ́n ti di ara wa. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti délẹ̀ báyìí, owó ọ̀pá rédíò ni gbogbo wa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ọ̀pá ga, ọ̀pá wọ́n, ta ni yóò rà á? Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ni mo wá bá yín sọ. Bí mo bá sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹ ó rí i pé ọ̀pá kọ́ ló le jù níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn lọ́la, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá owó bébà, ẹ wá atẹ̀wé, ó parí. Rédíò kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní orí 39, gbà pé olúkúlùkù ló lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ àti láti dá ilé iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀. Àmọ́ abala kejì orí yẹn fi nǹkan kan kún un: yàtọ̀ sí ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba ìpínlẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá rédíò tàbí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún láṣẹ, lẹ́yìn tó ti ṣe ohun tí òfin là kalẹ̀. Ààrẹ fúnra rẹ̀ o. Kì í ṣe alága káńsù, kì í ṣe gómìnà, kì í ṣe kábíyèsí.

Kí ló fa irú èyí? Ohun méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ, ọ̀kan jẹ́ ti ìbẹ̀rù.

Ti ẹ̀rọ kò le. Orí FM tí ẹ ń yí yẹn, láti 87.5 títí dé 108, ìsọ̀ ọjà ni. Ìsọ̀ mélòó kan ló wà níbẹ̀, ẹni méjì kò sì lè pàtẹ sójú kan náà. Bí wọ́n bá pàtẹ síbẹ̀, oníbàárà ò ní í gbọ́ ohùn ẹnì kankan, ariwo ṣẹ̀ẹ̀ ni yóò máa gbọ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pín ìsọ̀.

Ti ìbẹ̀rù gùn díẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé rédíò dé Èkó ní 1932, ohùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà síta. Ní 1935, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa wáyà wọ ilé àwọn tó lè san owó oṣooṣù: àpótí kan lára ògiri, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, kò sí ibi tí ẹ ó yí i sí. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é, mi ò sì tíì gbọ́ orúkọ tó bá nǹkan mu jùyẹn lọ. Ìjọba ń sọ̀rọ̀, ìlú ń gbọ́, èsì ò sí. Ó tẹ́ ìjọba lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí èsì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ wọlé ni ara wọn ò balẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1965, lẹ́yìn ìbò Ìwọ̀-Oòrùn tó dá wàhálà sílẹ̀, ọkùnrin kan gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ rédíò n'Íbàdàn, ó ní kí wọ́n yọ téèpù ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba agbègbè náà, kí wọ́n fi tòun sí i. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sílé ẹjọ́ lórí rẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1990, orí Radio Nigeria l'Ékòó ni Mejọ̀ Gideon Orkar àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde pé àwọn ti gbàjọba. Wọn ò rí ìjọba gbà, àmọ́ wọ́n rí máìkì gbà fún wákàtí mélòó kan. Ẹni tó wà lórí àlééfà tó gbọ́ ìyẹn nínú ilé rẹ̀ kò tún ní í fi máìkì ṣeré mọ́.

Ọ̀gágun Babangida tí wọ́n fẹ́ lé lọ́jọ́ náà ló tún fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí aládàáni ní rédíò: òfin ológun nọ́ńbà 38, ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1992. Òfin yìí ló bí àjọ tí gbogbo wa ń pè ní NBC, tó ń mójú tó gbogbo ilé iṣẹ́ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà. Ní 1994, Raypower ti Raymond Dokpesi gbéra ní Alágbàdo, òun sì ni rédíò aládàáni àkọ́kọ́.

Nǹkan kan wà tí mi ò lè ṣe kí n má sọ níbí. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1992 yẹn kan náà, ìyẹn ọjọ́ díẹ̀ péré ṣáájú tiwa, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ náà ṣe òfin tirẹ̀ fún àjọ tí wọ́n ń pè ní HAAC, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí NBC ń ṣe. Ọ̀sà kan náà ló so Àjàṣẹ́ pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ létí rẹ̀, oṣù kan náà sì ni ìjọba méjèèjì ṣòfin lórí afẹ́fẹ́. Ẹ wo ibi tí ọ̀nà ti pín. Láti 1994 ni rédíò ìgbèríko ti ń sọ èdè abínibí ní Banikoara àti Tanguiéta, ní òkè Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ tiwa, olówó àti ìjọba ló kọ́kọ́ rí àyè. Láti 2003 ni àwọn ẹgbẹ́ aráàlú ti ń jà fún rédíò agbègbè, ìwé lórí ìwé, ìpàdé lórí ìpàdé. Yunifásítì ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Ní 2010, Ààrẹ Jonathan kéde pé ọ̀nà ti là fún rédíò aráàlú. Ó di 2015 kí àwọn àgbègbè tí kì í ṣe ọgbà yunifásítì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàṣẹ. Ọdún mélòó nìyẹn láti 1992? Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún òfin yẹn ti lè níyàwó.

Kí ẹnì kankan má ṣe bínú sí Radio Lagos o. Láti 1977 tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, Tiwa n Tiwa, bí a ṣe ń pè wọ́n, wà lára àwọn tó fi Ògù sórí afẹ́fẹ́ nílẹ̀ yìí, ó sì yẹ ká dúpẹ́. (Ọdún 1977 yẹn náà ni De Wheno Aholu Menu-Toyi Kìíní gorí oyè Akran, ìyẹn ọba Àgbádárìgì. Akọ̀ròyìn ni wọ́n kí wọ́n tó jọba. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìròyìn kì í ṣe àjèjì nílùú yìí.) LASU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó, náà ní rédíò tirẹ̀, 95.7, lójú ọ̀nà wa níbí ní Ọ̀jọ́. Àmọ́ Radio Lagos, gbogbo Èkó ló ń bá sọ̀rọ̀, ti LASU sì jẹ́ ti ọgbà. Ohun tí ìyá ẹlẹ́ja ń béèrè ni rédíò tó mọ ìyàtọ̀ láàárín Ajárà àti Àjídó láìṣẹ̀ṣẹ̀ wo àwòrán ilẹ̀.

Tóò. Ta ló lè gba ìwé àṣẹ rédíò aráàlú? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí kò lè gbà á. Òfin NBC sọ ọ́ gbangba: kò sí ìwé àṣẹ fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn, kò sí fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ṣọ́ọ̀ṣì kò lè gbà á, mọ́ṣáláṣí kò lè gbà á, onísẹ̀ṣe kò lè gbà á. Wọ́n lè wá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, wọn ò lè ni ín. Ẹni tó bá ń ṣojú àwọn ará òkèèrè náà kò lè gbà á, bó ti wù kí owó wọn pọ̀ tó. Ní ti rédíò aráàlú pàápàá, kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ẹnì kan, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pín èrè rẹ̀ lọ́dọọdún. Owó tó bá wọlé, inú iṣẹ́ náà ni yóò padà sí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi máa ń lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ tó ní ìgbìmọ̀ olùtọ́jú, irú èyí tó wà ní apá F òfin CAMA ti 2020.

Ibi ìgbìmọ̀ yìí gan-an ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Àdúgbò àtijọ́ mẹ́jọ ló wà nínú Àgbádárìgì: Ahovikoh, Boekoh, Jegba, Posukoh, Awhanjigoh, Asago, Whalako àti Ganho. Bí ẹ bá fi ọ̀kan sílẹ̀, ẹ ti dá ìjà sílẹ̀ kí ẹ tó ra wáyà. Bí ẹ bá mú gbogbo wọn, ta ni yóò ṣojú Awórì? Ta ni yóò ṣojú àwọn obìnrin Àgbàlátà? Apẹja Ìlàjẹ àti Ewe tó kọ́lé sí etí òkun ńkọ́? Àwọn ará Gbẹ̀rẹ̀fù tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wá sípàdé ńkọ́? Èmi ò ní oògùn rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹni tó fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà ra káàdì ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹni tó fi mílíọ̀nù méjì ra ẹ̀rọ, ìbò kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n ní. Ọjọ́ tí olówó bá ní "rédíò mi", ó ti di ti aládàáni nìyẹn, ìwé àṣẹ ibẹ̀ sì yàtọ̀, owó rẹ̀ náà yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé ìgbìmọ̀ ti jókòó. Wọn ó kọ̀wé sí NBC pé àwọn ń fẹ́ rédíò aráàlú, wọn ó gba fọ́ọ̀mù. Fọ́ọ̀mù yìí ń béèrè ọ̀pọ̀ nǹkan: ìwé ìforúkọsílẹ̀, ibi tí owó yóò ti wá, irú ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ lò, àwòrán ibi tí ohùn yóò dé, irú ètò tí wọn yóò máa ṣe, àti ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí pé àwọn yóò pa àkójọ òfin NBC mọ́, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní 1993 tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà. NBC yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn yóò gbé e fún mínísítà, mínísítà yóò gbé e fún Ààrẹ. Òòjọ́ kọ́ ni. Ẹ má ṣe ra ẹ̀rọ sílẹ̀ dè é. Ìwé àṣẹ pàápàá kì í ṣe ohun tí ẹ lè tà fún ẹlòmíràn bó bá rẹ̀ yín.

Àwa tí a wà lẹ́nu ibodè tún ní ẹrù kan tí àwọn ará Ìbàdàn kò ní. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ ìsọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ìpín ìsọ̀ FM fún gbogbo Áfíríkà wà nínú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Geneva ní 1984. Bí orílẹ̀-èdè kan bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ tuntun kalẹ̀ nítòsí ibodè, ó yẹ kó bá aládùúgbò rẹ̀ sọ ọ́, kí ohùn méjì má baà kọlu ara wọn. Láti ibi tí mo jókòó sí yìí dé Sẹ̀mẹ̀, ìrìn kékeré ni bí kò bá sí ti ibùdó àyẹ̀wò. Afẹ́fẹ́ kò ní ibùdó àyẹ̀wò. Ilẹ̀ wa tẹ́ pẹrẹsẹ, omi ló yí wa ká, ohùn FM sì fẹ́ràn irú ibẹ̀. Ní àwọn alẹ́ kan tí ooru bá mú, ilé iṣẹ́ tó jìnnà réré a máa wọlé bí ẹni pé inú yàrá kejì ló wà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé ẹ lè gbọ́ Golfe FM ti Kútọnu ní Àkàrákúmọ̀. Bí àwọn náà bá ń gbọ́ wa lórí ìsọ̀ wọn, ẹjọ́ ló máa dà. Ẹ jẹ́ kí onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ṣe àwòrán yẹn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń tún rédíò ṣe kọ́ o.

Ní ti ọ̀pá, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀. NCAA tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí bó ṣe ga tó, LASIMRA ti ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àṣẹ tirẹ̀ lórí gbogbo ọ̀pá tó bá dúró nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ kun irin yín dáadáa. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ òkun ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé.

Ìwé àṣẹ dé, wọ́n pa màlúù, ẹgbẹ́ wọ aṣọ ẹbí. Ọdún márùn-ún péré ni ìwé náà fi wà láàyè. Oṣù mẹ́fà kó tó parí ló ti yẹ kí ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ sọ ọ́ dọ̀tun. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, NBC kéde pé òun ti gba ìwé àṣẹ ilé iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà. Àwọn ńlá wà níbẹ̀: tẹlifíṣọ̀n AIT wà níbẹ̀, Raypower wà níbẹ̀, rédíò aládàáni àkọ́kọ́ náà ni mò ń wí yẹn. Ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́pọ̀. Wọ́n dá ọwọ́ ìyà náà dúró lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àmọ́ ẹ̀rù ti ba gbogbo wa. Bí erin bá lè jìn sí kòtò yẹn, kí ni ti ẹtu? Ẹ fi owó ìwé àṣẹ pamọ́ síbì kan tí akápò kò ti lè fi ra epo jẹnẹrétọ̀.

Owó epo ló sì ń mú èèyàn ṣìwà hù. Aláàgbo yóò wá. Yóò ní oògùn òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru àti jẹ̀díjẹ̀dí nínú ìgò kan ṣoṣo, yóò sì san owó oṣù mẹ́ta sílẹ̀. Bí kò bá ní ìwé NAFDAC, ẹ dá owó rẹ̀ padà. Mo mọ bó ṣe ń dunni. Olóṣèlú náà yóò wá nígbà ìbò, pẹ̀lú báàgì. Òfin ìdìbò ní àyè tí ẹ bá fún ẹgbẹ́ kan, ẹ gbọ́dọ̀ fún èkejì, ìpolongo sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ ní wákàtí 24 kí ọjọ́ ìbò tó dé. Wòlíì yóò wá, yóò ní òun fẹ́ ṣe iṣẹ́ ìyanu lórí afẹ́fẹ́. Láti oṣù kẹrin ọdún 2004 ni NBC ti fòfin de fífi iṣẹ́ ìyanu tí ẹnì kankan kò lè jẹ́rìí sí hàn lórí tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ka àkójọ òfin náà fún un, kí ẹ sì fún un ní omi tútù mu.

Gbogbo èyí, ẹni tó bá ní ìwà tútù lè ṣe é. Ibi tó le ni mo ń bọ̀ yìí.

Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo jẹ́ olóòtú ètò kan ní ilé iṣẹ́ kan tí mi ò ní í dárúkọ. Àwọn olùgbọ́ máa ń fi fóònù pè wọlé. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ògù la fi ṣe é. Atọ́kùn gbọ́ Ògù, àlejò gbọ́ Ògù, ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ń gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Èmi tí orúkọ mi wà lórí ètò, tó jẹ́ pé èmi ni mo láṣẹ láti pa máìkì, mi ò gbọ́ ju kí n kí èèyàn kí n sì ná ẹja lọ. Bàbá kan pè. Wọ́n sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì. Atọ́kùn àti àlejò bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí àwàdà ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, agbẹjọ́rò méjì dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ohun tí bàbá náà sọ ni pé ìdílé báyìí báyìí kì í ṣe onílẹ̀, pé rírà ni wọ́n ra bàbá ńlá wọn. Ẹjọ́ ilẹ̀ náà sì wà ní kóòtù lọ́wọ́. Ní Àgbádárìgì o, ìlú tí wọ́n ti kó èèyàn gba Gbẹ̀rẹ̀fù lọ sókè òkun. Kò yẹ kí n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbí. Àwọn agbẹjọ́rò ní kí a mú ìwé àkọsílẹ̀ ètò wá. Mo ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: "Ètò Ògù. Wákàtí kan. Àwọn olùgbọ́ pè wọlé." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbààgbà ló bá wa bẹ̀bẹ̀, atọ́kùn sì dọ̀bálẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá rẹ́rìn-ín ní èdè tí mi ò gbọ́, èmi kì í bá a rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn kọ́ mi nípa òfin. Ẹni tó sọ̀rọ̀ kọ́ ni wọ́n máa wá bá, ẹni tó ni máìkì ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Obadiah Mailafia, tó ti jẹ́ igbákejì gómìnà báńkì àpapọ̀ rí, sọ̀rọ̀ lórí Nigeria Info 99.3 l'Ékòó nípa àwọn tó ń pa èèyàn ní òkè Ọya. NBC bu ₦5,000,000 lé ilé iṣẹ́ náà. Àlejò ló sọ̀rọ̀, onílé ni wọ́n bu owó lé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín máa ní ilé ẹjọ́ ti dá NBC lẹ́kun. Òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Onídàájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ẹgbẹ́ Media Rights Agenda pè, pé NBC kì í ṣe kóòtù, kò sì lágbára láti máa bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, nítorí kò yẹ kí ẹnì kan ṣe olùfisùn kó tún ṣe adájọ́. Àmọ́ ìwé àṣẹ tí ẹ ó sọ dọ̀tun lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀dọ̀ ta ni ẹ ó gbé e lọ? Ìdílé tí ẹ pè lẹ́rú lórí afẹ́fẹ́ ńkọ́, ṣé ìdájọ́ yẹn kàn wọ́n?

Ó sì lè burú ju ẹjọ́ ilẹ̀ lọ. Èdè abínibí ni rédíò RTLM fi ń bá àwọn ará Ruwanda sọ̀rọ̀ láti 1993, pẹ̀lú orin àti àwàdà, títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n jáde láti pa aládùúgbò wọn ní 1994. Ọ̀pọ̀ àlejò tó wà ní Kigali kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Ní 2003, ilé ẹjọ́ tí Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ sí Arusha dá méjì lára àwọn tó dá a sílẹ̀ lẹ́bi.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù ba ẹnì kankan kúrò nídìí Ògù. Òdìkejì rẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹ wo Radio Ada ní Gánà, létí òkun bíi tiwa, láàárín apẹja àti àwọn tó ń wa iyọ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 1998 ni wọ́n ti ń sọ Dangme, èdè tí rédíò ìlú ńlá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ. Ọmọ Dangme ló ń ṣe atọ́kùn, ọmọ Dangme ló ń ṣe olóòtú. Kò sí bí ẹnì kan ṣe máa sọ ìsọkúsọ níbẹ̀ kí ọ̀gá máa rẹ́rìn-ín. Ìṣòro tiwa ni pé èdè tiwa ju ẹyọ kan lọ. Àwa Yorùbá tí a wà níbí, tí a máa ń pe àwọn onílé ní Ègùn nígbà tí wọ́n ní Ògù ni àwọn ń jẹ́, àwa la sábà máa ń wà nípò olóòtú. A máa ń fún Ògù ní wákàtí, a kì í fún un ní àga. Èdè tó bá ní wákàtí lórí afẹ́fẹ́ tí kò ní ẹni tó gbọ́ ọ nídìí bọ́tìnnì, ewu ni fún ìwé àṣẹ yín, ìwọ̀sí ni fún àwọn tó ni ín.

Ẹ̀rọ kan wà tó ń dá ohùn olùpè dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó jáde síta, kí olóòtú lè rí àyè gé ohun tí kò dára. Ẹ rà á kí ẹ tó ra àga onítìmùtìmù. Àmọ́ ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́ èdè. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan yẹn kò wúlò fún ẹni tí wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ túmọ̀ fún.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ dá a sílẹ̀, kí ẹ tó lọ béèrè iye tí ọ̀pá ń lọ, ẹ wá ọmọ Ògù kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gbọ́ èdè náà dénú, tó lè kọ ohun tó gbọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, tí ojú kò sì ní í tì láti pa máìkì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu. Ẹ wá ẹlòmíràn fún Faransé, ẹlòmíràn fún Ewe. Ẹ sanwó fún wọn, ẹ má pè é ní iṣẹ́ ìfẹ́ ìlú. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú fọ́ọ̀mù tí ẹ ó gbé lọ bá NBC. Èdè tí ẹ ò bá tíì rí èèyàn fún, ẹ má tíì fún un ní wákàtí.

Ìyá ẹlẹ́ja Àgbàlátà sọ fún mi pé àwọn gbọ́ Ògù, Yorùbá, Pidgin àti Faransé ọjà, wọ́n sì ka ìwé dé ilé ìwé Módà. Mo ti gba nọ́ńbà fóònù wọn.